Àwo Bíréèkì Ọwọ́ Òsì

Ọkọ mi kì í ra búrẹ́dì kó má wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n kékeré kan wà lórí tábìlì ìdáná wa, orí rẹ̀ sì ni gbogbo ohun tó bá wọlé ti ń kọ́kọ́ balẹ̀: búrẹ́dì, ṣúgà, ọṣẹ, títí kan lẹ́tà tó bá wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò òṣùwọ̀n. Yóò gbé àpò irin òṣùwọ̀n rẹ̀ kọ́ èjìká, yóò máa lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, yóò máa dán ìwọ̀n àwọn ọlọ́jà wò. Ó mú àwọn tó lẹ irin mọ́ abẹ́ ìwọ̀n, ó mú àwọn tó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹ ìdí ìwọ̀n àwọn èèyàn wò, ojú tó fi ń wo èèyàn gan-an á yí padà. Bàbá Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Ó mọ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí i.

Ìfura loògùn àgbà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n oògùn ní iye ṣíbí tí èèyàn ń lò, ọkọ mi sì ń mu tirẹ̀ bí ẹni mu omi. Bí aládùúgbò bá kí i kú àárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò bi mí pé kí ni ọkùnrin yẹn ń wá. Bí ọmọ wa bá pè wá lọ́sàn-án dípò ìrọ̀lẹ́, yóò ní nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ tí wọn kò fẹ́ kí òun gbọ́. Èmi máa ń fi í rẹ́rìn-ín ni. Bí n kò bá rẹ́rìn-ín, ǹ bá ti kó ẹrù mi tipẹ́.

Ohun kan ṣoṣo tí kò wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó rà á ni ọkọ̀ pupa yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó fẹ̀yìn tì ló gbé e dé. Ọkọ̀ àwọn tó fẹ́ràn eré sísá ni, ilẹ̀kùn méjì, ó sì rẹlẹ̀ débi pé kí n tó lè jáde nínú rẹ̀, àfi kí n kọ́kọ́ bẹ orúnkún mi. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti bú, ọkọ mi á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó rí kẹ̀kẹ́. Mo ní kó gbádùn ara rẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ tó.

Nígbà tó yá, ọmọ wa bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì ní kí n wá bá òun tọ́jú ọmọ. Ìrìn wákàtí mẹ́rin ni ìlú tó ń gbé sí ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀nà ibẹ̀ gba orí òkè gíga kan kọjá, ogún ìṣẹ́jú gbáko ni ọkọ̀ fi ń sọ̀ kalẹ̀, òkúta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Ọjọ́ Sátidé la fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ mélòó kan, bí ọkọ mi bá ti tẹ bíréèkì, iwájú ọkọ̀ pupa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo sọ fún un pé bí ọkọ̀ yẹn kò bá dúró bó ṣe yẹ kí ọkọ̀ dúró, bọ́ọ̀sì ni màá wọ̀. Ó dùn ún. Ó ti ń ro bí yóò ṣe já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọmọ wa, tí àna wa yóò jáde wá wo ọkọ̀.

"Ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì," ni mo wí.

"Kó lè yọ ẹ́ńjìnnì mi, kó fi ti ọkọ̀ ẹlòmíì sí i?"

"Bíréèkì lẹ ní kó ṣe, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì."

"Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò pààrọ̀ àwo bíréèkì nílé. Irin roboto pẹlẹbẹ ni àwo yìí, ẹ̀yìn táyà ló wà, òun sì ni bíréèkì máa ń fún mọ́ra kí ọkọ̀ tó lè dúró. Méjì tó wà níwájú ọkọ̀ wa ti jẹ, wọ́n sì ti wọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Obìnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, awò ojú rẹ̀ wà lọ́rùn. Ó wo ìwé tí ọkọ mi kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí, ó gbé páálí méjì jáde. A gbé wọn délé. Ọkọ mi gbé àwo kìn-ín-ní lórí ìwọ̀n, ó gbé èkejì, ìwọ̀n kan náà ni. Ojú rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tan tọ́ọ̀ṣì, ó fi wo etí àwọn àwo náà. Láàárín irin kọ̀ọ̀kan, àwọn irin tín-ín-rín kan tò yí ká, àlàfo sì wà láàárín wọn. Ti àwo kan dà sí ọ̀tún, ti èkejì dà sí òsì.

"Mo mọ̀!" Ó lu tábìlì. "Inú ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti tú wọn. Ó pa wọ́n pọ̀, ó pè wọ́n ní ìbejì!"

Kíá la ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà gbọ́ ẹjọ́ tán, kò bínú.

"Bàbá, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọ̀kan fún ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún ọwọ́ òsì. Irin tẹ́ ẹ rí nínú yẹn ló ń fẹ́ ooru jáde bíi fáànù. Tó bá kọjú síbi tí kò yẹ, ooru ò ní ráyè jáde dáadáa. Tẹ́ ẹ bá wá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn, bíréèkì lè má gbọ́ tiyín mọ́."

"Táyà tó rí roboto, níbo ló ti lọ́wọ́ òsì?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Méjì tó jọra ni mo fẹ́. Àbí o ò ní?"

Obìnrin náà wò mí. Èmi náà wò ó. Ohun tó sọ yé mi, ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ mi, bí mo bá dá sí i níbẹ̀, ariwo ni. Mo panu mọ́, mo sì jẹ̀bi ìyẹn. Obìnrin náà gbé àwo ọwọ́ ọ̀tún mìíràn fún un, ó gba ti òsì padà.

"Ó dáa, sà. Mo ti sọ tèmi."

Ọkọ mi jáde bí ẹni tó jagun ṣẹ́gun. Ajá tó máa sọnù kò ní gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ní ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí kọnkéré iwájú ilé. Ó fi òkúta há ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn, ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó gbé igi ńlá méjì sábẹ́ rẹ̀ nítorí kò gba jáàkì gbọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fún un ní sípánà. Bí mo bá na sípánà sí i, yóò kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ara rẹ̀, bí ẹni pé mo lè fẹ́ fi mẹ́tàdínlógún rẹ́ ẹ jẹ. Ó tú irin tí bíréèkì fi ń di àwo mú, ó fi okùn gbé e kọ́ kí rọ́bà tí epo rẹ̀ ń gbà má bàa já. Àwo àtijọ́ kò fẹ́ jáde, ìpẹtà ti lẹ̀ ẹ́ pa. Ó fi igi lé e, ó fi òòlù lu igi náà títí èjìká fi ń ro ó. Nígbà tó jábọ́, òógùn ti bo ojú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ó fi omi ọṣẹ fọ òróró tó wà lára àwọn tuntun, ó nù wọ́n, ó gbé wọn sí i. Gbogbo bóòtì tó bá ti mú le, ó fi ẹfun sàmì sí i. Nígbà tó parí, ó ní ó ṣeé ṣe kí òun ti sàmì sí èyí tí òun kò tíì mú le, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kó tó dá táyà padà ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Irin inú ti ọ̀tún dà sẹ́yìn ọkọ̀, ti òsì dà síwájú. N kò lè panu mọ́ mọ́.

"Ẹ gbọ́ mi ná," ni mo wí. "Ogún ọdún ni mo fi ta bàtà. Tí wọ́n bá kó bàtà méjì wá tó jọra délẹ̀délẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún méjì ni wọ́n kó wá yẹn. Ohun tó wà lára ọkọ̀ yín nìyẹn. Òótọ́ ni obìnrin yẹn sọ."

Ó gbé sípánà sílẹ̀. Ó wò mí. N kò rí ojú yẹn rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: ojú tó máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ọlọ́jà ni.

"Kí ni obìnrin yẹn fún ọ?" ló bi mí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo rí bẹ́ ẹ ṣe ń wo ara yín lánàá. Mo ní kí ló fún ọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí dé akínyẹmí ara. Mo ti ń wò ó tó ń fura sí gbogbo èèyàn, mo sì ń rẹ́rìn-ín, àṣé èmi náà wà lórí ìwọ̀n. Mo bímọ fún un, mo tọ́jú ìyá rẹ̀ títí ìyá fi kú, ó wá ń bi mí pé kí ni ọlọ́jà kan fún mi kí n lè fi bíréèkì pa á!

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ni mo wí. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, n kò bá a sọ̀rọ̀ báyẹn rí. "Bọ́ọ̀sì ni màá wọ̀. Ọkọ̀ rẹ dúró o, kò dúró o, bọ́ọ̀sì ni." Mo wọlé, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ tí ọkọ̀ bú jáde. Òpópónà wa ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn kan. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé ìdáná. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń tẹ bíréèkì lọ, ó gòkè padà, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Mo kà á dé ìgbà mẹ́jọ. Nígbà tó dúró, ó gbé ìgò omi jáde, ó kán omi sórí àwo ọ̀tún. Omi náà rá díẹ̀díẹ̀. Ó kán an sórí ti òsì. Omi náà pariwo ṣàà, ó di èéfín kó tó balẹ̀. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ọkọ mi lè fura sí gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kì í fura sí ohun tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n.

Kí ó tó di ọ̀sán, ó ti lọ gba àwo ọwọ́ òsì padà lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gbé e sí i. Ó wọ ìdáná, ó ń fọ ọwọ́ fún ìgbà pípẹ́.

"Ọwọ́ òsì ni," ló wí, ojú ẹ̀rọ omi ló ń wò.

"Mo gbọ́."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo ń retí nìyẹn, òun náà sì mọ̀. Ó nu ọwọ́, ó jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé àpótí mi lọ sí ibùdókọ̀. Kò dá mi dúró. Mo jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, lẹ́bàá fèrèsé. A kò tíì rìn tó wákàtí kan tí ìyá tó jókòó tì mí fi fọwọ́ kàn mí.

"Ẹ wo ọkọ̀ pupa yẹn. Ó ti ń tẹ̀ lé wa látàárọ̀. Ṣé kì í ṣe olè?"

Mo bojú wẹ̀yìn. "Ọkọ mi ni."

"Háà. Kò fọkàn tán yín ni?"

"Kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni."

Ní orí òkè, kí bọ́ọ̀sì tó máa sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ dúró kí àwọn èèyàn lè na ẹsẹ̀. Ọkọ̀ pupa dúró sẹ́yìn wa. Ọkọ mi kò wá sọ́dọ̀ mi. Ìdí táyà bọ́ọ̀sì ló lọ bẹ̀rẹ̀ sí, ó ń gbóòórùn.

"Bàbá, kí lẹ ń wá lábẹ́ mọ́tò mi?" ni awakọ̀ bi í.

"Bíréèkì rẹ ti ń ké látàárọ̀. Irin ló ń ha irin."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibí!"

"Ìyẹn ló ṣe jẹ tán."

Ó wá sí ojú fèrèsé mi. "Ìyá ọmọ mi, sọ̀ kalẹ̀. Jọ̀ọ́. Má bá wọn sọ̀ kalẹ̀ òkè yìí."

Ó wá kan èmi náà láti fura. Ṣé òótọ́ ló ń sọ, àbí ọgbọ́n tó fi fẹ́ gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀ nìyí? Mo wo ojú rẹ̀, n kò mọ èyí tí mo lè gbà. Mo ní:

"Kí ni obìnrin yẹn fún mi?"

Orí ti yọ lójú gbogbo fèrèsé bọ́ọ̀sì. Ó wò wọ́n, ó wò mí.

"Ká wọ inú ọkọ̀ ná, a ó sọ ọ́ níbẹ̀."

"Ibí ni."

Ó ṣí fìlà. "Kò fún ọ ní nǹkan kan. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ojú ló tì mí pé o rí ohun tí n kò rí. Mo ṣẹ̀ ọ́."

Ẹnìkan nínú bọ́ọ̀sì ní, "Ẹ dárí jì í, màmá." Mo ní kó bá ti ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n omi ti ń bọ́ lójú mi. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba àpótí mi ni awakọ̀, tó ti wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ láti fi ọkọ mi hàn ní òpùrọ́, jáde wá, tí kò sì bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní kí gbogbo èèyàn bọ́ sílẹ̀, òun fẹ́ pe ọkọ̀ mìíràn.

Àwa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òkè náà, ẹnu ọmọ wa ni mo ti gbọ́ ọ, nítorí òun ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ fún. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun bi mí bóyá mo gbọ́ ìró kankan lára bíréèkì, tí n kò dá òun lóhùn. Ó rò pé inú ṣì ń bí mi. Àfi ìgbà tó yíjú wò mí lápá ibi tí ọ̀gbun wà, tó rí i pé mo ti sùn lọ, ẹnu mi là sílẹ̀ gbàgà.