Awọ Ewúrẹ́ Tí Mo Fẹ́ Kọ̀wé Sí

Ìyá mi kò yé bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní fásitì. Ó mọ̀ pé olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Ohun tí kò yé e ni pé Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ kì í ṣe èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń sọ mọ́.

"Àwọn tó kọ ìwé náà ti kú?"

"Ó ti tó ẹgbẹ̀ta ọdún, Màmá."

"Àwọn ọmọ ọmọ wọn kò wá lè kà á ni?"

"Púpọ̀ nínú wọn kò lè kà á."

Ó wò mí títí. "Ni wọ́n bá ní kí ọmọ Ọ̀wọ̀ wá bá wọn kà á."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ kan ka ìtàn àtijọ́ kan fún wa bí wọ́n ṣe ń pè é láyé ọjọ́un. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ó rán mi létí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ìwé Yorùbá ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo rí i pé wọn kò kọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n wọ aṣọ ẹlòmíràn. Mo fẹ́ mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà kó tó yí padà bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ mí di olùkọ́ ìwé àtijọ́ nìyẹn.

Láyé àwọn ológun, nígbà tí mo ti di olórí ẹ̀ka wa, àwa olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ti fásitì pa. Mo padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ọ̀wọ̀. Oṣù ń gorí oṣù. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mò ń wo ewúrẹ́ aládùúgbò wa tó ń jẹ èèpo iṣu, ni nǹkan kan bá sọ sí mi lọ́kàn. Orí awọ ẹran ni wọ́n kọ gbogbo ìwé tí mo ti ń fi ayé mi kà sí. Mo ti rí wọn nínú gíláàsì lókè òkun. Ṣùgbọ́n báwo gan-an ni awọ ṣe ń di ojú ìwé? Ṣé ó máa ń rùn? Kí ló ń mú un le?

Mo lọ bá alápatà. Mo ní kó bó awọ ewúrẹ́ fún mi, kó má wì í níná.

"Ẹ ò ní jẹ awọ rẹ̀ ni, mà?"

"Mo fẹ́ kọ̀wé sí i."

Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́.

Nítòsí mọ́ṣáláṣí ńlá ni bàbá kan wà tó ń fi awọ rán bàtà. Mo gbé awọ mi lọ bá a nínú abọ́. Òun kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tí mo ti kà fún un: wọ́n á rẹ awọ títí irun á fi bọ́, wọ́n á ta á sára igi, wọ́n á máa fá a bó ṣe ń gbẹ.

"Bọnní ńkọ́?" Èso igi tí wọ́n fi ń sọ awọ di pupa kí ó má baà jẹrà ló ń bi mí léèrè.

"Wọn kì í fi sí i, Bàbá."

"Yóò jẹrà."

A jiyàn títí, mo sì gbà fún un. Awọ náà pupa, ó rọ̀, ó dára lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi gègé kàn án, ńṣe ni yíǹkì tàn káàkiri bí omi lára aṣọ. Bàbá fi rán bàtà fún ìyá mi. Màmá wọ̀ ọ́, ó rìn yí pálọ̀ ká. "Ìwé tó o kọ yìí bá mi lẹ́sẹ̀ mu."

Lẹ́ẹ̀kejì, mo gba awọ mìíràn lọ́wọ́ alápatà, a kò sì fi bọnní sí i. Àbúrò ìyá mi tó ń dáko ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ fi eérú èèpo kòkó, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, rán ọlọ́kadà kan sí wa. Omi eérú náà ni a rẹ awọ sí. Nígbà tí irun bọ́, a ta á sára igi lábẹ́ àtíbàbà Bàbá, a wá ń fá a. Ọwọ́ mi kò tíì mọ́ iṣẹ́ náà, ọ̀bẹ sì gún awọ náà díẹ̀. Bí awọ ṣe ń fún, bẹ́ẹ̀ ni ojú ihò náà ń ṣí, títí ó fi rí róbótó bí ojú ẹja.

Mo kígbe. Bàbá sọ ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ó gé yín lọ́wọ́ ni?"

"Rárá o, Bàbá! Mo ti rí irú ihò yìí rí!" Ó wà nínú àwọn ìwé àtijọ́ náà. Ẹni tó ń kọ̀wé á kọ ọ̀rọ̀ dé etí rẹ̀, á fò ó, á máa bá tirẹ̀ lọ ní òdì kejì. Mo ti rò pé kòkòrò ló jẹ ẹ́.

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ihò náà. "Ẹni náà kò sì jù ú nù?"

"Kò jù ú nù."

"Awọ wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn."

Nígbà tó gbẹ, ó le, ó funfun, kò sì jẹrà. Bàbá tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, ó tún un tẹ̀. Ó wọlé lọ mú kálámù àti tàdáà, yíǹkì tó ti ń lò láti ìgbà tó wà nílé kéwú. Mo kọ ìlà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan láti òsì. Òun kọ ti Lárúbáwá láti ọ̀tún. Etí ihò yẹn ni àwa méjèèjì ti pàdé.

Nígbà tí wọ́n ṣí fásitì, mo gbé awọ náà lọ sí kíláàsì. Àwọn ọmọ tí kì í bi mí ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ń fi èékánná ha á, wọ́n sì ń bèèrè irú ewúrẹ́ tó jẹ́.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n fi mí ṣe Gíwá fásitì mìíràn. Iṣẹ́ náà yà mí lẹ́nu. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ló máa pọ̀ jù níbẹ̀, àfi omi kànga, epo jẹnẹrétọ̀ àti ìpàdé tí kì í tán. Mo wá ní kíláàsì kan ṣoṣo wà tí n kò ní fi sílẹ̀, ti òwúrọ̀, kí n tó wọ ọ́fíìsì. Akọ̀wé mi kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó fara mọ́ ọn.

Ní òwúrọ̀ kan, ọmọbìnrin kan láti ìlú Ute, nítòsí Ọ̀wọ̀, nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, lẹ́tà k tó wà níwájú orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀bẹ, kí ló ń ṣe níbẹ̀ tí a kì í pè é?"

"Wọ́n máa ń pè é nígbà kan rí," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká pè é bí wọ́n ṣe ń pè é."

Gbogbo wọn pa ohùn pọ̀, kíláàsì dàrú fún ẹ̀rín. Akọ̀wé mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní àwọn àlejò láti ilé iṣẹ́ ìjọba ti ń retí mi.

Mo ní kó fún wọn ní àga. Ọmọ náà ti tún nawọ́ sókè.