Ìbọn Bàbá Micah

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó gba ìwé gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ béèrè Tíṣà Simeon. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ìwé kan tó gbà láyé rẹ̀ tó sọnù. Ìwé ìrìbọmi àwọn ọmọ, káàdì ìdìbò àtijọ́, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àpótí onírin lábẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Inú àpótí yẹn náà ni ìwé àṣẹ ìbọn wà. Ìbọn ṣakabùlà kan ni. Bàbá Micah, bàbá tó bí Tíṣà, ló ni ín. Òun náà ló gbin oko obì tó wà lọ́nà Ìjagun, lọ́dún tí wọ́n bí Tíṣà gan-an. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí Bàbá Micah ti kú, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni Tíṣà ń lọ sọ ìwé ìbọn náà dọ̀tun, orúkọ Micah ló sì ń ní kí wọ́n kọ síbẹ̀. Akọ̀wé tó ń bá a kọ ọ́ ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí. Ta ni yóò bi tíṣà rẹ̀ léèrè bóyá bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé? Tíṣà ò ka èyí sí irọ́ rárá. Lójú tirẹ̀, ọmọ tó bá yọ orúkọ bàbá rẹ̀ kúrò lára ohun tí bàbá fi sílẹ̀, olè ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bá a wí. Ilé mélòó ló wà ní Ìjẹ̀bú tí orúkọ òkú ò sí lára ìwé ilẹ̀ wọn?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká bó ti máa ń ṣe nítorí ọ̀yà tó ń ba ẹ̀gẹ́ rẹ̀ jẹ́, ló bá bá ọkùnrin mẹ́rin nínú oko. Wọ́n ti ri òpó símẹ́ǹtì mọ́lẹ̀ láàárín àwọn igi obì. Adébóyè, ọ̀gá wọn, ní òun ti ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹbí.

"Ẹbí wo? Èmi ni àkọ́bí Micah!" Tíṣà pariwo.

Kò na ìbọn sí ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ léjìká. Wọ́n wo ìbọn, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àlàájì Gbàdàmọ́sí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, wá bá a lójúde.

"Simeon, wàláhì, má gbé ẹsẹ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá o. Bí wọ́n bá padà wá, yìn ín sókè lẹ́ẹ̀kan péré. Wọn ò ní wá mọ́."

"Kí n yìnbọn lé ènìyàn lórí? Kí wá ni ìjọba wà fún?"

"Ìjọba! Ìjọba wo ló máa bá ẹ ṣọ́ obì?"

"Àlàájì, bí kálukú bá ń fi ìbọn gba ẹ̀tọ́ ara rẹ̀, ta ló máa ṣẹ́kù nílùú? Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni mò ń lọ."

Moṣọpẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní kí àwọn mú lọ́yà dání ó kéré tán. Tíṣà yarí. Ó ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò nílò lọ́yà. Àgídí tíṣà! Ta ló fẹ́ bá a fà á?

Kò mọ̀ pé Adébóyè ti ṣáájú òun dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó ti fẹjọ́ sùn pé bàbá kan fi ìbọn lé àwọn kúrò lórí ilẹ̀ àwọn. Inspẹ́kítọ̀ tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò le koko, ó fún bàbá ní àga.

"Bàbá, ṣé ẹ ní ìbọn?"

"Mo ní in, mo sì níwèé ẹ̀!"

Ẹ wá wo bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn délé, ó fi aṣọ funfun wé ìbọn, ó to ìwé ọdún mọ́kàndínlógún tẹ̀lé ara wọn, ó kó gbogbo rẹ̀ wá sórí kántà. Inspẹ́kítọ̀ yẹ̀ wọ́n wò títí.

"Ta ń jẹ́ Micah?"

"Bàbá mi ni."

"Wọ́n dà?"

"Wọ́n ti dolóògbé, Ọ̀gá. Ọdún kọkàndínlógún rèé."

Inspẹ́kítọ̀ kó àwọn ìwé náà jọ.

"Bàbá, ìwé àṣẹ ìbọn kì í ṣe ogún. Nígbà tí wọ́n kú ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbé ìbọn náà wá fún wa. Ìbọn tí ò níwèé lẹ fi lé ènìyàn yìí."

"Ilẹ̀ bàbá mi ni wọ́n wọ̀!"

"Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ilé ẹjọ́ lẹ máa gbé e lọ. Ti ìbọn ni tiwa."

Ọjọ́ méjì ni bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin lò ní àhámọ́, lórí símẹ́ǹtì lásán. Ọ̀rọ̀ yìí dunni o. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé ìwé kan síwájú rẹ̀: bó bá fẹ́ lọ sílé, kó tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé òun àti ọmọ òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ oko náà mọ́ títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá ẹjọ́. Adébóyè ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ní kí Adébóyè fọwọ́ sí nǹkan kan. Moṣọpẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn pe lọ́yà ná, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ojú sì ń tì í. Ó rọra kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ gẹ́rẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kọ ọ́ sójú pátákó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ wọ inú ìwé kankan lórí ilẹ̀ náà.

Lọ́sẹ̀ kejì, Moṣọpẹ́ ń fi ọkọ̀ gbé e gba ọ̀nà Ìjagun kọjá. Wọ́n ti ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gégi kí wọ́n tó débẹ̀.

"Dúró," ni Tíṣà wí.

Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ń wo àwọn igi tó jẹ́ ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wó lulẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà rí i, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó gbé àpò obì kan kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ oko, ó ní, "Bàbá, tiyín ni o. Ẹ wá gbé e." Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Moṣọpẹ́ ti ń sunkún. "Dádì, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e. Kò sẹ́ni tó máa rí mi."

Tíṣà gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó tún gbé e kúrò.

"Mo ti tọwọ́ bọ̀wé, Ṣọpẹ́," ó ní. "Mo bá ìwọ náà tọwọ́ bọ̀ ọ́. Máa wà á lọ."