Ìbọn Ọba Tó Wà Lókè Àjà

Gbólóhùn kan péré ni bàbá mi rí sọ lọ́jọ́ tó kú: "Ìbọn ọba wà lókè àjà." Èmi àti màmá mi nìkan la wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá nígbà náà, gbogbo Ṣómólú ń yọ̀. Ilé tiwa nìkan ni kò sí ayọ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ohun tó bá jẹ́ tọba, ti ìjọba ni. Iṣẹ́ ọba, owó ọba. Bàbá mi sì ti gbálẹ̀ rí ní tésàn ọlọ́pàá kan, kété lẹ́yìn òmìnira. Ìbọn ìléwọ́ kan sọnù níbẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tó jẹ́ ọlọ́pàá ní tésàn ọ̀hún, ni wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ó ṣẹ̀wọ̀n, kò sì pẹ́ tó jáde tó fi kú.

Mo gbé ìbọn náà sọ̀ kalẹ̀, ó ti dípẹtà nínú àkísà. Màmá mi wò ó, ó sì lọ yọ fọ́tò bàbá mi lára ògiri. Ó ní kí n lọ ju ìbọn náà sínú ọ̀sà ní Bàrígà.

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Tótó ó ṣe bí òwe o, màmá."

"Ẹnì kejì dà, tó fẹ́ wá rojọ́?"

Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Ṣé olè ni bàbá mi àbí kì í ṣe olè? Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe, lẹ́tà kéékèèké kò ṣàjèjì sí mi. Mo fi gíláàsì ibi iṣẹ́ tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ìbọn náà. Mo rí lẹ́tà kan àti nọ́ńbà gbọọrọ, mo rí adé, mo rí ọfà kékeré kan lábẹ́ rẹ̀. Kò yé mi rárá, inú sì bí mi sí irin lásán.

Obìnrin kan wà ní Pedro nítòsí wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ilé tí wọ́n ń kó ìbọn sí ló ti ṣiṣẹ́, kì í sì í jẹ́ kí àdúgbò gbàgbé. Mo bo ìbọn mọ́lẹ̀ nínú agolo èlùbọ́, èmi àti màmá mi fẹsẹ̀ rìn lọ, torí àwọn ọlọ́pàá ń tú ẹrù inú ọkọ̀. Lójú mi, gbogbo ẹni tó wò wá ló fẹ́ ra èlùbọ́.

Obìnrin náà gbọn èlùbọ́ kúrò lára ìbọn, ó wò ó bóyá ọta wà níbẹ̀. "Ẹ̀yin wọ̀nyí ń wá wàhálà o!" Ó ka nọ́ńbà. "Lẹ́tà tó ṣáájú yìí, ìgbà ogun àwọn òyìnbó ni. Adé ọba òyìnbó tó jẹ́ ọkùnrin rèé. Àwọn ìbọn tó wà ní tésàn lẹ́yìn òmìnira, tuntun ni wọ́n, adé ọbabìnrin ló wà lára wọn."

"Ọfà yẹn ńkọ́?" Màmá mi ló béèrè.

"Ọfà ni àmì pé ti ìjọba ni."

Màmá mi dìde. "Mo ti mọ̀."

"Ẹ jókòó jàre! Tí ìjọba bá tà á síta, wọ́n á tẹ ọfà kejì kọjú sí i."

Ìpẹtà ti bo ibẹ̀. Ni mo bá ṣe é bí a ṣe ń ṣe fún lẹ́tà òjé ìtẹ̀wé tójú rẹ̀ ti ń parẹ́: mo tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ lé e, mo fi pẹ́ńsùlù kùn ún jẹ́jẹ́. Ọfà méjì jáde, orí ko orí.

"Wọ́n tà á," ni obìnrin náà wí. "Òyìnbó ló sábà máa ń rà á. Ṣé bàbá bá òyìnbó ṣiṣẹ́ rí?"

"Ó wakọ̀ fún ọ̀kan," ni màmá mi dáhùn. "Kí n tó fẹ́ ẹ. Òyìnbó yẹn ti padà sí Ìlú Ọba."

Bó ṣe pe Ìlú Ọba, a wo ojú ara wa. Ọba òyìnbó tí adé rẹ̀ wà lára ìbọn ni bàbá mi ń wí; ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ ló ti rí i. Ìjọba la gbọ́.

A fi ìbọn sílẹ̀ fún obìnrin náà kó bá wa dá a padà fún àwọn ọlọ́pàá. Inú mi dùn, ẹnu mi ò dákẹ́ lọ́nà. Màmá mi dúró láàárín títì.

"Kí ló dé tó fi gbé e pamọ́, tí kò jẹ́ kí n mọ̀?"

Mo ní bóyá ọlọ́pàá ló ń bà á lẹ́rù.

Ó mi orí. "Èmi ni. Ó mọ̀ pé mi ò ní gbà á gbọ́."