Orúkọ Tí Karimat Kò Lè Pè

Ní ìrọ̀lẹ́, Karimat, ìyàwó tuntun ní agbo ilé kan ní Bẹẹrẹ, máa ń ka ìwé sétígbọ̀ọ́ àwọn obìnrin ilé. Ìyá ọkọ rẹ̀ sọ pé ìwé nípa ẹlẹ́wọ̀n tó ń sá kiri lè kọ́ ìyàwó ní sísá kúrò nílé ọkọ.

Ẹlẹ́wọ̀n inú ìwé náà ń jẹ́ Gàníyù, orúkọ bàbá ọkọ Karimat. Ìyàwó kì í pè é, ló bá ń kà á ní "Bàbá".

"Bàbá fo ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n!"

Ìyá yọ sí wọn. "Ọkọ tèmi ló ṣẹ̀wọ̀n?"

Karimat rò pé ìwé kíkà ti parí nìyẹn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, orúkọ wọn lẹni inú ìwé ń jẹ́."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó fa àpótí jókòó. "Èmi náà ò kúkú lè pè é. Ṣé wọ́n rí i mú?"

Karimat sì ń kà á lọ.