Ọjọ́ Tí Ọmọ Mi Jágbe Mọ́ Mi Lọ́nà Ìbòkun

Ìyá inú fíìmù náà kì í dákẹ́. Bí ọmọ mi ṣe kọ ọ́ nìyẹn: opó kan ń mú ọmọkùnrin rẹ̀ tó ti dàgbà láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà, kí àwọn ará ilé rẹ̀ lè bá a wá ìyàwó fún un. Ìjà ni wọ́n ń jà dé ọ̀hún, ìjà náà ló sì ń pani lẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ní èmi ni n ó ṣe ìyá, òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe ọmọ.

Àwọn tó mọ̀ mí ládùúgbò rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́. Aṣọ ilé ìwé ni mò ń rán, ẹni tó bá wá gba aṣọ lè jókòó títí kó má gbọ́ ju "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" lọ lẹ́nu mi. Àbúrò ọkọ mi bi ọmọ mi pé, "Ìyá rẹ tí kò lè lé adìẹ jáde nílé? Fíìmù odi lẹ fẹ́ yà nìyẹn." Mo ti kọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mi sórí nígbà náà, ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń sọ ọ́ fún. Mo fẹ́ ṣe é. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ nǹkan kan fún ara mi tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tó le jù nínú fíìmù náà, etí títì ni a ti yà á, nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Ìbòkun, níbi tí obìnrin kan ti ń sun bọ̀ọ̀lì lábẹ́ igi. Ìyá yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, yóò jókòó lé àpò iṣu rẹ̀, yóò ní òun kò lọ mọ́. Ọmọ yóò wá jágbe mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi tó ni kámẹ́rà lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú síbẹ̀, kí àwọn tó ń kọjá má baà máa wo ojú kámẹ́rà. Oníbọ̀ọ̀lì nìkan la sọ fún pé fíìmù ni. Ó ní kò burú.

Mo jókòó lé iṣu. Ọmọ mi dúró síwájú mi, ó gbé àyà sókè, ó la ẹnu, ó ní: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ mọ́tò."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbóhùn sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹrí ba tẹ̀ lé e. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Ṣé inú ló ń bí ọ ni," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìn ọkọ̀, "àbí o ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá jẹun?"

"Kò bọ́ sí mi lẹ́nu. Ìyá mi ni!"

Àwọn méjèèjì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rò pé mi ò gbọ́ wọn. Etí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ a máa mú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Màmá ń ṣe tiwọn dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá ti jẹ́ àwọn ni, ẹnu rẹ ò ní là. Jẹ́ ká wá obìnrin mìíràn. Ẹni tí kò bí ọ, wàá lè jágbe mọ́ ọn."

Ọmọ mi ní, "Jẹ́ ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá ṣeé ṣe, ká wá ẹlòmíràn."

Obìnrin mìíràn ni yóò wá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ sórí. Mi ò sì lè bá ọmọ náà wí, nítorí èmi ni mo tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ kó jágbe mọ́ mi, á jẹ́ pé èmi ni n ó fà á.

Bó ṣe ń padà bọ̀, kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan já àwọn ọmọge mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbọ̀ọ̀lì. Mo jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà sídìí kámẹ́rà, kí òun náà dúró dáadáa. Mo fa etí ìró mi yọ, mo tutọ́ sí i, mo di àgbọ̀n rẹ̀ mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu ẹnu rẹ̀.

"Dúró jẹ́ẹ́! Ìyàwó la ń wá kiri, ẹnu báyìí lo sì gbé wá síwájú àwọn ọmọge!"

Àwọn ọmọge náà bú sẹ́rìn-ín.

"Màámi! Ẹ fi mí sílẹ̀! Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni? Mo ní ẹ fi mí sílẹ̀!"

Àwọn adìẹ tó ń jẹ̀ lábẹ́ igi fò dìde. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ó yẹ kí n fajú ro.

"Ìwọ! Ta lò ń jágbe mọ́?" Bàbá àgbàlagbà kan tó ń dúró de ọkọ̀ ló sọ̀rọ̀, ó ti ń bọ̀ tọ̀pátọ̀pá. Ọlọ́kadà méjì pa ọ̀kadà wọn. Oníbọ̀ọ̀lì dìde pẹ̀lú ẹ̀mú lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ má bínú, fíìmù ni. Ẹ bi màmá oníbọ̀ọ̀lì."

"Mo mọ̀ pé fíìmù ni," ni oníbọ̀ọ̀lì wí. "Ṣé fíìmù ló ní kó o má lẹ́kọ̀ọ́?"

Ọmọ mi kọjú sí mi. "Màámi, ẹ sọ fún wọn."

Kámẹ́rà kò tíì dúró. Mo wo inú igbó lọ́hùn-ún. "Fíìmù wo? Láti Òṣogbo ló ti ń jágbe mọ́ mi bọ̀."

"Dọ̀bálẹ̀!" ni bàbá wí.

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kanlẹ̀. Ọlọ́kadà kan ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀. Àyà ńkọ́?" Ló bá na gbọọrọ sínú erùpẹ̀ pupa tòun ti ẹ̀wù funfun. Bàbá ní ṣé kó dìde. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀ ná." Mo na ọwọ́ sí oníbọ̀ọ̀lì, ó fún mi ní bọ̀ọ̀lì kan, mo sì ń jẹ ẹ́ lórí àpò iṣu mi. Èjìká ọmọ mi ń mì. Ẹ̀rín ló ń rín sínú ilẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde wá tòun tomijé ẹ̀rín lójú, ó gbé kámẹ́rà fún bàbá. Bàbá wo àwòrán ara rẹ̀ nínú kámẹ́rà títí, ó ní, "Fìlà mi wọ́. Kó tún dọ̀bálẹ̀ ká tún un ṣe."

"Ó tó, bàbá!" ni ọmọ mi wí. Ó ń gbọn erùpẹ̀ dànù. "Màámi, ẹ̀yin burú o!"

Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ obìnrin mìíràn.

Gbọ̀ngàn kan ní Iléṣà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn. Àwọn ará ilé wa wá láti Ifẹ̀wàrà, gbogbo àga kún. Nígbà tí mo fa etí ìró yọ nínú fíìmù, tí mo tutọ́ sí i, ọwọ́ mi kò tíì dé ojú ọmọ tí àwọn obìnrin ti hó yèè. Gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ ló ti mọ ibi tí ọwọ́ yẹn ń lọ. Nígbà tí mo ní "Fíìmù wo?", àwọn ọkùnrin ń lu àga. Wọ́n ní, "Ẹ dá a padà! Ẹ dá a padà!" Ọ̀rẹ́ ọmọ mi dá a padà.

Lẹ́ẹ̀kejì, mi ò wo fíìmù mọ́. Ojú àwọn èèyàn ni mo ń wò. Obìnrin tó jókòó tì mí ń nu omijé. "Ẹ wò ó bó ṣe ń jẹ bọ̀ọ̀lì! Obìnrin burúkú!"

"Èmi ni," mo ní.

"Kí lẹ wí?"

"Èmi ni obìnrin burúkú náà!" Ohùn mi dé ìlà iwájú. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú padà. Obìnrin náà wo ojú mi, ó wo fíìmù, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó fà á sókè.

Mo dìde.