Lọ́ọ̀jì Tí Daddy Ìsàlẹ̀ Wà

"Daddy Ìsàlẹ̀ ti wà ní lọ́ọ̀jì rí, ní Amẹ́ríkà."

Èmi ni mo dìde sọ ọ́ níwájú ìjọ, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí àwa ọmọdé sọ iṣẹ́ ribiribi tí àgbàlagbà kan ti ṣe. Mo rò pé wọn á pàtẹ́wọ́ ni. Nínú gbọ̀ngàn tí a ń yá nítòsí Plumstead High Street ní London, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Màmá mi wo ilẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Glyndon Estate là ń gbé, bàbá káfíńtà kan sì wà ní fúláàtì ìsàlẹ̀ wa, ìyẹn la ṣe ń pè é ní Daddy Ìsàlẹ̀. Bí mo bá ti iléèwé dé, òórùn pákó àti gúlúù ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Màmá mi á ṣì wà níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, nítorí náà ọ̀dọ̀ bàbá ni mo ti ń jẹun. Màá máa gbá èérún igi, ìfági rẹ̀ á máa dún fẹ̀ẹ̀rẹ̀, fẹ̀ẹ̀rẹ̀, òun á sì máa sọ ìtàn lọ́ọ̀jì.

Ilé àlejò ńlá ni, nínú igbó tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sí kí gbogbo ayé lè máa wá wò ó. Àwọn onírélùwéè ló kọ́ ọ, kí àwọn tó bá wọ ọkọ̀ wọn wá wo òkè lè rí ibi sùn. Odidi igi ìtòsí ni wọ́n tò jọ, òkúta ibẹ̀ ni wọ́n fi mọ ibi ìdáná tó ga kọjá orí òrùlé. Wọn ò fẹ́ kí ilé náà ṣàjèjì sí òkè tó yí i ká. Nígbà tí bàbá ń kàwé lọ́hùn-ún, abọ́ ló kọ́kọ́ ń fọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n bá gba ọlidé, títí wọ́n fi rí i pé ó mọ igi í gbẹ́, ni wọ́n bá fi í kún àwọn tó ń pààrọ̀ igi tó ti jẹrà.

Mi ò mọ̀ pé létí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹgbẹ́ awo ni wọ́n ń pè ní lọ́ọ̀jì: ìbúra, aṣọ dúdú, ìpàdé tí ìyàwó ilé ò gbọdọ̀ gbọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ bàbá yìí ni wọ́n gbé iṣẹ́ pẹpẹ tuntun fún. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kó dáwọ́ dúró ná. Mo sunkún débi pé mi ò lè jẹ ìrẹsì tó bù fún mi. Mo ní kó sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa.

"O ò purọ́," ló wí. "Mo wà ní lọ́ọ̀jì. Mi ò ní sẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi torí pé wọ́n gbọ́ ẹ sódì."

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, ó wọ sùtánà funfun rẹ̀, ó mú fọ́tò kan tí wọ́n yà lórí òrùlé lọ́ọ̀jì náà dání, ó sì rọra sọ gbogbo ìtàn náà fún ìjọ, láti orí àwọn onírélùwéè títí dé orí igi tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́. Ìyá Ìjọ fi awò sójú, ó wo fọ́tò náà pẹ́. Ó bi bàbá bóyá bàbá ni dúdú kan ṣoṣo tó jókòó sórí òrùlé yẹn. Bàbá ní òun ni.

"Daddy," ni Ìyá Ìjọ wí, "pẹpẹ wa ńkọ́? Ìgbà wo lẹ máa finish ẹ̀?"

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ lọ́ọ̀jì náà. Bàbá ti sùn nínú Olúwa báyìí. Títí dòní, bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi sódì, n kì í kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Màá jókòó, màá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bí mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, mo sì ń fi í yangàn.