Ọjọ́ Mẹ́ta ní Turku, Níbi Tí A Ò Ti Mọ Ẹnì Kankan

Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí Gbádégẹṣin ti ń wa bọ́ọ̀sì láàárín Thamesmead àti Woolwich ní London. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí èrò kan bá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, yóò dúró dè é, yóò sì máa ṣe bí ẹni tó ń tún dígí ṣe. Àmọ́ lọ́dún tí Ìléríolúwa, àbíkẹ́yìn wọn, wọ yunifásítì, ọkùnrin yìí fi ohun kan sọ́kàn, kò sì gbà kí ó bọ́: ó fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, àwọn méjì péré.

Turku ló yàn, ìlú etíkun kan ní Finland. Ó ti rí àwòrán odò tó la ìlú náà já, tí tọkọtìyàwó àgbàlagbà kan jókòó sí bèbè rẹ̀, tí wọn kò ṣe nǹkan kan. Àìṣe nǹkan kan yẹn ló wọ̀ ọ́ lójú.

Adébísọ́lá, ìyàwó rẹ̀, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich, wo àwòrán náà nídìí tábìlì nínú ilé wọn nítòsí Tavy Bridge ní Thamesmead.

"Ó dáa o, Daddy Ìlérí. Ta la mọ̀ níbẹ̀?"

"A ò mọ ẹnì kankan."

"Háà! Kò séèyàn wa níbẹ̀ rárá?"

"Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Àwọn méjèèjì kò sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì rí. Bí wọ́n bá lọ sí Manchester, ilé àbúrò Bísọ́lá ni. Bí ó jẹ́ Dublin, ilé ọmọ ìjọ. Ní Houston, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ. Lójú Bísọ́lá, ìlú tí ẹnì kankan kò ti ní pàdé ẹni ní pápákọ̀ òfurufú kò yàtọ̀ sí ìgbèkùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó fi ọ̀rọ̀ náà tó Auntie Christiana létí, olórí ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin ní ìjọ wọn. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, Auntie ti wá ènìyàn rí: ọmọ àbúrò rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Turku gan-an.

Gbádégẹṣin ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń di ẹja gbígbẹ tí yóò kó fún ọmọ náà sínú ọ̀rá.

"Ọlọ́run ti ṣe é! Rẹ̀mílẹ́kún á wá pàdé wa. Ilé ẹ̀ la máa dé sí. Èmi àti òun á jọ sùn ní yàrá, ẹ̀yin á wà lórí àga páálọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ó sọ̀rọ̀ ìyànjú díẹ̀ ní sọ́ọ̀ṣì wọn."

"Lórí àga páálọ̀, Mummy Ìlérí?"

"Ó ní àga náà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ."

Gbádégẹṣin kò bínú. Ó jẹun, ó fọ abọ́, ó sì pa kọ̀ǹpútà tó fi ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò dárúkọ Turku mọ́. Nígbà tí Bísọ́lá bèèrè tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní:

"Fi í sílẹ̀ ná. Bó bá ṣe àga páálọ̀ ni, mo ní ọ̀kan níbí. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún tí a ti fẹ́ra, ìgbà wo ni èmi pẹ̀lú ẹ jọ wà tí ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn?"

Bísọ́lá ka àwọn ọdún náà padà sẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó wọn pàápàá, ìyá ọkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn.

Iṣẹ́ ńlá ni láti sọ fún ọmọ tí kò ṣẹni pé a ò ní sùn sílé rẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án Sátidé, Bísọ́lá pe Rẹ̀mílẹ́kún lórí fóònù níṣojú ọkọ rẹ̀. Ó bèèrè ẹ̀kọ́, ó bèèrè òtútù, ó sọ ti ẹja tó ń kó bọ̀, ó gbàdúrà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì tíì débi ọ̀rọ̀. Gbádégẹṣin wo aago.

"Ọmọ mi, ṣé o rí i... hòtẹ́ẹ̀lì la máa sùn sí," ni Bísọ́lá wí.

"Ẹ̀yin méjèèjì nìkan, Mummy?"

"Àwa méjèèjì nìkan."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Mummy! Ìrìn-àjò ìfẹ́ lẹ fẹ́ lọ, ẹ wá pè mí sí i! Ẹ ṣáà jẹ́ kí n wá gba ẹja mi ní ibùdókọ̀ rélùwéè. Mi ò ní jókòó."

"Ọmọ tó gbọ́n ni," ni Gbádégẹṣin wí. "Fi gààrí kún un fún un."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà padà. Bísọ́lá fa àga sún mọ́ ọn, ó ní kí ó yan yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò. Ohun tí yóò sọ fún Auntie Christiana kò tíì yé e.